Ẹlẹ́rìí Bíyìí

Bí ẹ bá ti gbé Thamesmead ní London rí, ẹ ó mọ̀ pé kò sọ́jọ́ tí bàálù kì í kọjá lórí ilé. Òdìkejì odò ni pápákọ̀ òfurufú kékeré kan wà, ariwo rẹ̀ sì ti mọ́ àwọn ará Yarnton Way lára débi pé, bí ó bá dákẹ́, wọ́n á máa bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Adùnọlá kì í jẹ́ kí ọ̀kan kọjá kó má gbójú sókè. Wòlíì obìnrin ni, nínú ìjọ Aládùúrà kan tó ń jọ́sìn ní gbọ̀ngàn kan létí Connaught Estate ní Woolwich. Lóru, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní care home. Lọ́sàn-án, ó ń sùn. Nítorí Bíyìí ló ṣe ń wo bàálù.

Bíyìí kì í ṣe ọmọ tó bí. Ọmọ Juliana ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, Juliana sì kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni Bíyìí ń sùn, àmọ́ ọ̀dọ̀ Adùnọlá ló ti ń jẹun, òun náà ló sì ń pè ní Mummy. Nígbà tó ní bàálù lòun fẹ́ máa wà, àwọn ará ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé kò rí bọ́ọ̀sì wà ni. Adùnọlá nìkan ló ní kó kúnlẹ̀ kí òun gbàdúrà fún un.

Lọ́dún 2015 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Bíyìí ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó sì ń wa bàálù fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan. Bàálù tó ní fáànù lápá ni, ó ń fi kó èrò lọ sí àwọn erékùṣù tí òjò kì í dá lórí wọn. Jet, bàálù ńlá tí kò ní fáànù, ló ń wù ú. Bí wọ́n bá parí ìsìn lọ́jọ́ Sunday, tí Adùnọlá ń ká aṣọ pẹpẹ, Bíyìí á jókòó tì í, á máa ráhùn.

"Mummy, wọ́n ní àwọn ò lè gbà mí àfi tí mo bá ti wa jet fún wákàtí rẹpẹtẹ. Ṣé kí n lọ jí jet gbé ni? Àwọn tó lè fún mi ní wákàtí yẹn náà ló ń ní kí n kọ́kọ́ mú un wá."

"Ìyẹn dà bí ẹni tó ní kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀wẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ kan omi," ni Adùnọlá wí.

Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó kọ̀wé sí kò tilẹ̀ dá a lóhùn. Èkejì pè é fún ìdánwò, wọ́n ní kò yege, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ tún kọ̀wé sí àwọn kí ọdún kan tó pé, àfi bí ẹni pé ó ṣẹ̀ wọ́n. Èyí tó tún ń dùn ún jù ni ti ipò.

"Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà mí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti fi fò, wọn ò ní kà á sí. Ọjọ́ téèyàn wọlé ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá ṣáájú ẹ wọlé ló máa kọ́kọ́ mú holiday Kérésì, òun náà ló máa kọ́kọ́ di captain. Ọjọ́ orí ò sí níbẹ̀, iṣẹ́ ò sí níbẹ̀."

Adùnọlá bú sẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ pẹpẹ nu ojú. "Èyí náà lò ń sunkún sí? Ilé ọkọ lò ń lọ yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ilé ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú, ọmọ ọdún méjì kan wà níbẹ̀ tó ṣì ń tọ̀ sílé. Bùrọ̀dá Akọ̀wé ni mò ń pè é. Mò ń kúnlẹ̀ kí i! Kí ló dé? Ó ṣáájú mi délé."

"Mummy, ọmọ ọdún méjì kì í wa bàálù."

"Ìwọ ṣáà wọlé ná."

Ti ilé-iṣẹ́ kẹta ló já sí rere. Wọ́n fún un ní ìṣirò, ó ṣe é. Wọ́n kó òun àti àwọn mìíràn sínú yàrá kan pé kí wọ́n jọ jíròrò, kí àwọn wo ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi bàálù, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì kan fún un lójú òfurufú irọ́ náà, ó sì gbé e balẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kíláàsì tuntun máa bẹ̀rẹ̀ ní June.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti dí. Ibi tí Bíyìí wà tẹ́lẹ̀ ní ẹni tó bá fẹ́ kúrò gbọ́dọ̀ fún àwọn ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ tuntun ní kó má tíì fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tó yẹ ìtàn rẹ̀ wò tán. Bí ó bá dúró dìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, June á ti kọjá, wọ́n á sì fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé dúró sí. Bíyìí rò ó títí, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́: ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí èyí tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ohun tó kù kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Ní pápákọ̀, wọ́n fẹ́ mọ ibi téèyàn wà láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Bí àyè kan bá ṣófo ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Bíyìí ní àyè bẹ́ẹ̀ kan. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbà á kógbá sílé lọ́dún 2012, kó tó ríṣẹ́ mìíràn, ó tẹ̀ lé Adùnọlá àti àwọn ará ìjọ lọ sí orí òkè àdúrà kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ ju oṣù kan lọ.

"Mummy, obìnrin kan tó ń yẹ ìtàn mi wò máa pè yín," ni Bíyìí wí. "Ẹ ṣáà sọ pé mo wà pẹ̀lú yín lásìkò yẹn, pé ẹ mọ̀ mí dáadáa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gùn."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Kì í ṣe ọmọdé. Ìyẹn gan-an ni wàhálà. Nínú ìjọ wọn, bí wọ́n bá ní kéèyàn wá jẹ́rìí, kò sẹ́ni tó ń sọ gbólóhùn kan kó lọ jókòó. Wọ́n á ní inú rẹ̀ ò dùn sí ohun tí Olúwa ṣe. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ta ló wá máa fi ahun ròyìn ọmọ tó ti ọwọ́ rẹ̀ jẹun dàgbà?

Ọ̀sán ni ìpè náà wọlé, Adùnọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Patricia ni obìnrin náà pe ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ní sùúrù, ohun tó sì ba nǹkan jẹ́ nìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tí Adùnọlá fẹ́ràn láti bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní sùúrù.

"Ṣé òótọ́ ni pé Bíyìí wà lọ́dọ̀ yín ní July àti August ọdún 2012?"

"Ó wà lọ́dọ̀ mi dáadáa, ọmọ mi. Orí òkè la wà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi wà níbẹ̀. Ó gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, kò fẹnu kan omi. Jẹ́ kí n sọ fún ẹ, nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ wa, kò sí èyí tó ń yí nílẹ̀ bíi Bíyìí tí ẹ̀mí bá gbé e."

"Yí nílẹ̀?"

"Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi pẹpẹ. Pẹ̀lú omijé!"

Ó ń gbọ́ tí obìnrin náà ń tẹ kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kí ló fà á tó fi ń ṣe gbogbo èyí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ló yẹ kí ẹnì kan ti sáré wá di ẹnu Adùnọlá mú. Kò sẹ́nì kankan nílé.

"Mo ríran ni," ló wí. "Mo rí bàálù kan, iná ń jó lápá rẹ̀. Mo ní, Bíyìí, o ò gbọdọ̀ fò nínú oṣù August yìí. Kò sì fò! Kò janpata, kò bá mi jiyàn. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Ẹ ò lè rí irú rẹ̀ gbà síṣẹ́."

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kò fò nítorí ìran yín?"

"Ó gbọ́ tèmi ni." Orí Adùnọlá wú. "Títí dòní olónìí, bí mo bá sọ̀rọ̀, Bíyìí á gbọ́."

Patricia tẹ ìyẹn náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó wá ní ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ yín wúlò púpọ̀. Adùnọlá gbé fóònù kalẹ̀, ó jó díẹ̀ ní kíṣìnnì, ó sì po ẹ̀kọ mu.

Ọdún burúkú ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Ní March ọdún yẹn ni awakọ̀ kan nílẹ̀ Yúróòpù mọ̀ọ́mọ̀ gbé bàálù lu òkè, tòun ti gbogbo èrò inú rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ilé-iṣẹ́ bàálù tó fẹ́ gbọ́ pé ọkàn awakọ̀ ò dúró sójú kan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó ń yí nílẹ̀ lórí òkè, tó sì ń gbàṣẹ lọ́dọ̀ obìnrin tó ń rí iná. Ọ̀sẹ̀ tí Patricia pè ò tíì parí tí Bíyìí fi kan ilẹ̀kùn. Kò dọ̀bálẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Mummy, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ròyìn ẹ dáadáa ni. Obìnrin yẹn gan-an ní ọ̀rọ̀ mi wúlò."

"Ó wúlò! Wọ́n ti dá mi dúró. Wọ́n ní kí n lọ rí dókítà tó ń wo ọpọlọ kí àwọn tó mọ ohun tí àwọn máa ṣe sí mi."

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ rere nìkan ni Adùnọlá sọ, ọfà ló yọ. "Ṣé irọ́ ni mo pa, Bíyìí?"

"Ẹ ò purọ́. Òótọ́ yín yìí ló pa mí. Àbí irọ́ tiẹ̀ wà níbẹ̀! Níbo ni mo ti fẹ́ rí bàálù fò ní August yẹn? Ilé-iṣẹ́ ti kú! Wọ́n ti ti ọ́fíìsì pa. Kì í ṣe pé mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, Mummy. Mi ò ríṣẹ́ ṣe ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Adùnọlá ju ìbínú ọmọ náà lọ. Láti ọdún tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ló ti ń dúpẹ́ níwájú ìjọ pé ìran òun ló gba Bíyìí là. Kò sí ìgbà kan tí Bíyìí dìde sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rọra jókòó sórí àga, ara rẹ̀ wálẹ̀.

"Mo ti fi ibi tí mo wà sílẹ̀," ni Bíyìí ń wí, ohùn rẹ̀ ti ń já. "Wọ́n ti gba ẹlòmíràn síbẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá kọ̀ mí, mi ò níṣẹ́ níbì kankan. Bí dókítà yẹn bá sì fi lè kọ nǹkan tí kò dáa, kò sẹ́ni tó máa tún jẹ́ kí n fọwọ́ kan bàálù láyé mi."

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni Adùnọlá wí fún ara rẹ̀. Ó bẹ ọmọ náà. Ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bíyìí ní ó ti tán, ó sì jáde lọ, ṣùgbọ́n kò tán.

Kí dókítà tó ráyè rí i, June ti kọjá, kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ láìsí i níbẹ̀. July ni wọ́n pè é. Adùnọlá ní òun ò ní jẹ́ kó dá lọ. Ó wọ ẹ̀wù òyìnbó kan ṣoṣo tó ní, kó má wọ funfun kí wọ́n má tún rí wí, ó jókòó sí ìta yàrá náà, ó sì di ẹnu pa bí ẹni tí eyín ń dùn. Àní nígbà tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí i pé ojú ọjọ́ dára, orí lásán ló mì.

Nígbà tí Bíyìí jáde, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Abbey Wood. Wọ́n ń rìn bọ̀ ní Yarnton Way nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn.

"Ó bi mí pé, bí wòlíì yẹn bá pè mí láàárọ̀ ọ̀la pé kí n má fò, kí ni màá ṣe."

"Kí lo wí?"

"Mo ní bí ara mi bá yá, màá fò."

Adùnọlá mi orí. Ìdáhùn tó dáa ni, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn.

"Ó tún bi mí pé ṣé ọkàn mi á balẹ̀ tí mo bá ń fò lọ. Ìyẹn, mi ò rí i dáhùn, Mummy. Mo wá ní ẹ ò ní pè mí. Mo ní a ti jọ sọ ọ́, pé ẹ ò ní sọ ìran kankan fún mi mọ́ láyé."

"A ò sọ ọ́."

"À ń sọ ọ́ báyìí."

Adùnọlá dúró sójú títì. Ọmọdé kan fi kẹ̀kẹ́ yà á sílẹ̀, ó ń ṣépè. "Bíyìí, ṣé o mọ ohun tí ò ń tọrọ lọ́wọ́ mi? Ìwé Mímọ́ ní bí olùṣọ́ bá rí idà tó ń bọ̀, tí kò fun fèrè, ọwọ́ olùṣọ́ ni Ọlọ́run máa ti bèèrè ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá kú."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Mummy. Bí ẹ bá rí i, ẹ má sọ fún mi."

Ì bá ṣe ọjọ́ mìíràn ni, Adùnọlá ì bá ti bá a wí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ? Ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tó dé ilé, ó sunkún.

Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe orí Bíyìí. Wọ́n gbà á, wọ́n fi í sí kíláàsì September. Ó dáa, àmọ́ ẹ rántí ohun tí Bíyìí sọ nípa ipò. Jayden, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́, wọlé ní June. Gbogbo àwọn June ló ti di ìyálé Bíyìí títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Bíyìí sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Adùnọlá kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ ẹni tó fa June bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n kọ́ ọ títí ọdún fi yí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ máa gbé èrò nínú jet, ó rànṣẹ́ sí Adùnọlá pé ọ̀sán ni, pé láti òdìkejì odò ni òun máa ti gbéra. Adùnọlá tibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ó gbàdúrà lórí orúkọ rẹ̀, ó sùn.

Ó sì rí i. Bíyìí wà nínú sùtánà funfun, ó dúró nínú omi tó mù ún dé àyà, ó ń juwọ́ sí i. Bí Adùnọlá ṣe ní kóun na ọwọ́ sí i, omi náà bò ó, kò sì rú.

Ó ta jí, òógùn bò ó. Aago ò tíì lọ. Bíyìí ò tíì kúrò nílé. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ó gbé e, ó tẹ orúkọ ọmọ náà jáde, ó wá jókòó tì í. Bí ó bá pè, ọmọ náà lè má lọ, iṣẹ́ á sì bọ́, kò sí ẹni tó máa tún gbà á. Ó sì lè lọ, kó máa fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n wa gbogbo èèyàn yẹn. Bí kò bá pè ńkọ́? Bàálù oníná tó rí lọ́dún yẹn, ṣé nítorí pé Bíyìí kò fò ni kò ṣe jóná, àbí àlá lásán ni? Kò sí ẹni tó lè sọ fún un. Ẹni tó bá ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an kì í mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní kò jẹ́ ẹ.

Ó fi fóònù sílẹ̀ lórí ibùsùn, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa dalẹ̀ òun, ó wọ kóòtù, ó jáde lọ sí etí omi Southmere. Atẹ́gùn ń fẹ́ gan-an. Ó bọ́ bàtà, ó dúró sórí koríko tútù, ó ń gbàdúrà sínú. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù bà á débi pé eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, kì í sì í ṣe ti òtútù nìkan. Bàálù kan dìde lókè odò, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Kò mọ èwo ni ti Bíyìí nínú wọn, ó wá ń gbàdúrà fún gbogbo wọn. Ọkùnrin òyìnbó kan tó ń fa ajá lọ bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó ní ara òun yá. Irọ́ àkọ́kọ́ ọjọ́ náà nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ni ó padà sílé. Fóònù ń dún bó ṣe ṣílẹ̀kùn.

"Mummy! A ti lọ, a ti bọ̀. Àlàáfíà ni!"

Adùnọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọlọ́run, o ṣeun," ló wí, "Ọlọ́run, o ṣeun." Bíyìí ń sọ bó ṣe rí fún un: bí bàálù náà ṣe lágbára tó, bí ojú sánmọ̀ ṣe mọ́ lókè ìkùukùu, bí captain ṣe ní ó gbé e balẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ó sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

"Mummy, ẹ ò sì pè mí."

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n má pè."

"Èmi ni. Àmọ́ mo tan fóònù mi sílẹ̀. Títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn bàálù, mò ń wò ó. Captain ní kí n pa á, mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí ojú ń tì. "Nígbà tí kò dún ni ọkàn mi tó balẹ̀. Mo ní bí Mummy bá rí nǹkan kan, ohun yòówù kí n sọ, wọ́n máa pè mí. Ẹ ò rí nǹkan kan, àbí?"

Adùnọlá gbé fóònù kúrò létí. Ó fi etí gèlè nu ojú rẹ̀, ó wá gbé e padà.

"Oorun lásán ni mo sùn," ló wí. "Ọ̀la ńkọ́? Aago mélòó lo máa fò?"

"Aago mọ́kànlá àárọ̀."

Adùnọlá ní ó dáa. Ó ti mọ̀ pé, bó bá tibi iṣẹ́ dé lọ́la, òun ò ní fojú kan oorun kí aago mọ́kànlá tó kọjá, kí òun má bàa rí ohunkóhun.